Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Dì Lára Mi

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń kọ ìṣirò sójú pátákó. Mo ní kí n mú un, ọwọ́ ọ̀tún mi kò gbéra. Mo fẹ́ pe àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọ̀rọ̀ tó jáde kò yé èmi alára.

Ọkọ mi, Jímọ̀, fi kẹ̀kẹ́ gbé mi láti ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìpàta lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni: ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan kan nínú ọpọlọ. Mi ò lè pe orúkọ Jímọ̀, àmọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Fátíà létí mi, mo bá a kà á dópin. Ó sunkún.

Lẹ́yìn oṣù méjì, gìrì gbé mi nílé, ó sì tún gbé mi lọ́sẹ̀ kejì. Dókítà ní wárápá ni, pé ọgbẹ́ tí rọpárọsẹ̀ fi sílẹ̀ nínú ọpọlọ ló ń fà á. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ mi ti ya abọ́ mi sọ́tọ̀. Ìyẹn dùn mí ju àìsàn lọ. Jímọ̀ mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà sì ṣàlàyé pé wárápá kì í ràn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi jókòó tì mí, wọ́n bu òkèlè nínú abọ́ mi, wọ́n ní:

“Ìyàwó mi, má bínú. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa láti kékeré nìyẹn.”

Dókítà yìí bi mí bóyá oyún ti bàjẹ́ lára mi rí. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tún ń wo èjìká mi tó máa ń ta sókè fúnra rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní àṣà burúkú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn, ló ń bá ara mi jà, tí wọ́n sì ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tó lè ba oyún jẹ́ pẹ̀lú.

“Ṣé òun náà ló ń mú èjìká mi ta?”

“Ó ṣeé ṣe, mà. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀.”

Mo fẹ́ràn òtítọ́ yẹn.

Mò ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì àti ti wárápá. Ó ti lé lọ́dún kan tí gìrì ti gbé mi kẹ́yìn, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èjìká mi ṣì ń ta. Mi ò fi ìborùn bò ó mọ́. Tí mo bá ń ṣe àlùwàlá, mo máa ń pẹ́ lórí ọwọ́ ọ̀tún yìí. Mo máa ń ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó sọ pé, “Alihamudulilahi.”