Ìyá Ràzákì Kò Kúrò Nídìí Iná

Bí o bá dé Massè ìlú wa lónìí tí o béèrè ẹni tí gàrí rẹ̀ gbẹ jù, ọmọdé ni yóò júwe ilé Ṣàkírátù fún ọ. Ìyá Ràzákì ni gbogbo wa ń pè é. Gàrí tèmi Oyèfúnkẹ́, Ìyá Augustin, náà gbẹ, ṣùgbọ́n n kò ní í purọ́: tirẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń kọ́kọ́ béèrè. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí fún ọdún méjìlá. Nísinsìnyí, bí wọ́n bá ń yìn ín, èmi ni ohùn mi ń lọ sókè jù, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Obìnrin márùn-ún ni wá nínú àáró wa. Bí ẹ̀gẹ́ tèmi bá tó wú, àwọn mẹ́rin yòókù á wá bá mi wú u, a ó jọ bó o, a ó rin ín, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sì yan án. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi náà á lọ sí oko ẹlòmíràn. Àáró kì í gba owó, kì í sì í gba aṣojú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe tìrẹ, ọwọ́ ni ìwọ náà yóò fi ṣe tiwọn. Ẹni tí kò bá lè ṣe é mọ́, a kì í lé e. Òun fúnra rẹ̀ ni kò ní í wá mọ́, a ó sì máa kí i lọ́nà bí a ṣe ń kí àlejò.

Lọ́jọ́ tí a bá ń yan gàrí, kálukú ló ní ibi tirẹ̀. Ẹni méjì ń jọ̀ ọ́, ẹnì kan ń fọ́ èyí tó ti dì nínú àpò, òun náà ló ń ṣaájò igi ìdáná, ẹni méjì yòókù á sì jókòó ti agbada. Ìdí agbada ni ipò ọlá. Èmi àti Ìyá Ràzákì la ni ín láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti ń rákòrò. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ kì í dìde títí gàrí á fi tán, àfi bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n. Bí àwọn ìyá wa ṣe ṣe é nìyẹn, ọ̀nà mìíràn kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni jẹjẹrẹ mú un lọ́mú òsì. Wọ́n gé ọmú náà ní Kútọnu, wọ́n sì ń fa oògùn sí i lára títí gbogbo irun orí rẹ̀ fi re. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àáró kò fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà. Ọjọ́ tó padà wá jókòó ti agbada, mo sunkún, n kò sì tijú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ìyá Augustin, èéfín ni àbí ẹkún?” Mo ní èéfín ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà fún un ní oògùn kan tí yóò máa lò, hóró kan lójúmọ́, fún ọdún márùn-ún gbáko. Hóró náà kò tó àgbàdo. Wọ́n ní òun ni kò ní í jẹ́ kí jẹjẹrẹ padà wá. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó tí Ìyá Ràzákì fi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé ibi àáró. Kí oòrùn tó yọ la máa ń bẹ̀rẹ̀, òun á wá dé nígbà tí oòrùn bá ti ń ta ni lẹ́yìn.

Ẹ mọ̀ pé ẹlẹ́nu ni mí. Mo ní, “Ìyá Ràzákì, ṣé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni ọ́ ni, tí ilẹ̀ ń mọ́ tí o kò lè jí?” Ó kàn rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sí i ni àfọ́ igbá tó fi ń yan gàrí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú agbada. Ó fẹ́ mú un, àwọn ìka rẹ̀ kọ̀, wọn kò ká.

Ìgbà náà ló tó jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní, “Bí mo bá jí láàárọ̀, ìka mi kì í ká. Orúnkún mi á le gbagidi. Ọrùn ọwọ́, èjìká, kókósẹ̀, gbogbo oríkèé ara mi ló ń ro mí. Bàbá Ràzákì ló ń bá mi ró aṣọ.” Nígbà tó sọ ti aṣọ yẹn, ó gbé ojú sá fún mi. Wàsíù ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni mo wá dá ọ̀ràn. Mo kó àwọn yòókù jọ, mo ní ẹni tí ara ń ro, ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Mo gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ igi máńgòrò fún Ìyá Ràzákì, mo fi Fàtímátù, tó kéré jù nínú wa, sí ìdí agbada rẹ̀. Mo ní, “Jókòó, kí o máa wò wá.” Mo rò pé mo ń ṣe oore. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló jókòó síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan, nígbà tó sì fẹ́ dìde, ẹni méjì ló gbé e.

Kò wá sí àáró méjì tó tẹ̀ lé e. Ní ẹ̀kẹta, òun ló kọ́kọ́ dé. Ọwọ́ rẹ̀ ń yára, ìka rẹ̀ ń ká, gàrí tó yan lọ́jọ́ yẹn ń ró bí a bá dà á sínú àwo. Gbogbo wa pariwo pé ara ti yá. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ìjọ Sẹ̀lẹ́, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo kọ Halelúyà méje. Òun kàn ń wo iná.

Lọ́sẹ̀ kejì, àwa méjèèjì jọ gun alùpùpù kan lọ sí ilé ìtọ́jú ní Adja-Ouèrè. Èmi fẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, òun sì fẹ́ fi ara han Màdáámù Carine, nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó o láti ìgbà tó ti Kútọnu dé. Carine ní kó mú ìyókù oògùn rẹ̀ jáde kí òun rí i. Ìyá Ràzákì mú agolo mílíìkì kan jáde látinú àpò. Páálí oògùn tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju iye tó yẹ kó kù lọ.

“Ìyá, ẹ ò lo oògùn yín?”

“Mo ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Láti ìgbà tí mo ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ni ìka mi ti ń ká.”

“Ẹ sì mọ̀ pé àìsàn yẹn lè padà wá?”

“Mo mọ̀. Bí mo bá ń lò ó, mi ò ní lè ṣe àáró. Ikú yá ju ẹ̀sín.”

Inú bí mi. N kò rántí pé ilé ìtọ́jú la wà. Mo ní, “Ẹ̀sín wo? Ta ló fi ọ́ ṣẹ̀sín ní Massè? Dárúkọ ẹni náà kí n lọ bá a nílé rẹ̀ lónìí!”

Ó yíjú sí mi pẹ̀sẹ̀. “Ìwọ ni. Ìwọ lo gbé àpótí fún mi, tí o fi Fàtímátù sí ipò mi, tí o ní kí n máa wò yín.”

Mo jókòó síbẹ̀, ojú ń tì mí níwájú ọmọ tí n bá ti bí.

Carine fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa. Ó ní, “Ìyá, nǹkan kan wà lára obìnrin tí jẹjẹrẹ yín yìí fi ń ṣe oúnjẹ. Oògùn yìí ló ń fi ebi pa á. Bí ẹ bá dá a dúró, ẹ ti gbé oúnjẹ fún un nìyẹn. Ríro tó ń ro yín kì í ṣe ọ̀lẹ, oògùn ló ń fà á, ó sì ń ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin. Ẹ sọ fún dókítà, ó lè pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ má jókòó sójú kan. Ara tó bá jókòó pẹ́ ló ń gan. Ẹ máa rìn láàárọ̀, ẹ máa ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ yín níwọ̀nba.” Ó pe dókítà lórí fóònù lójú wa. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Wàsíù mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí Kútọnu, dókítà sì fún un ní irú oògùn mìíràn. Ríro náà dín kù lẹ́yìn oṣù kan, kò lọ tán.

Ṣùgbọ́n olórí líle ni Ìyá Ràzákì. Ó wá bá mi nílé, ó ní, “Ọjọ́ yíyan gàrí rẹ ni màá fi mọ̀. Oògùn á wà lára mi, màá sì jókòó ti agbada mi. Bí mo bá yan ìpín tèmi tán, màá lò ó títí ọdún márùn-ún á fi pé. Bí mi ò bá lè yan án, kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ oògùn sí mi létí.”

Ẹ wo bí gàrí mi ṣe di ọ̀ràn ẹ̀mí. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n kó ẹ̀gẹ́ díẹ̀ pamọ́, kí ìpín rẹ̀ lè fúyẹ́. N kò dán an wò. Obìnrin yẹn, àpò ẹ̀gẹ́ ló máa ń wò kó tó wo ojú onílé, bó bá sì mọ̀ pé mo ṣàánú òun, ọ̀rọ̀ ti parí.

Oko mi wà lọ́nà Kpoulou. Mo ní kó gun alùpùpù wá, kó má fi ẹsẹ̀ rìn. Ó ní rárá, ẹsẹ̀ ni òun yóò fi rìn kí ara òun lè nà. Òun ló kọ́kọ́ dé, òógùn bò ó, ó ń tiro díẹ̀. Ó ní kí n gbé omi gbígbóná wá. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó ń na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí kókó kékeré kan létí ìró rẹ̀. “Hóró ti òní ló wà níbẹ̀,” ni ó wí. “Ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó mọ̀ bóyá màá gbé e mì.”

Agbada mẹ́rin mẹ́rin ni ìpín kálukú wa nídìí iná. Ó ṣe Bísímílà, ó jókòó, ó yan agbada kan tán. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ojú wa kò rí irú rẹ̀ rí. Ó dìde. Ó fi agbada sílẹ̀ fún Fàtímátù pé kó yan ọ̀kan tí kò sí nínú mẹ́rin tòun, òun sì lọ gba asẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jọ̀. Nígbà tó jọ̀ ọ́ tó gẹ́ẹ́, ó lọ gbé igi wá, ó rìn yí ẹbu gàrí po lẹ́ẹ̀mejì, ó padà sí ìdí iná, ó yan agbada kejì.

Mo jókòó sí ipò ọlá mi, mo ń wò ó. Mo ní, “Ìyá Ràzákì, ṣé adìyẹ tó fẹ́ yé ni ọ́ ni, tí o ń káàkiri báyìí?”

Ó ní, “Ẹyin tí mo bá yé, ìwọ ni yóò sàba lé e, ìwọ tó o mọ ìjókòó jù.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìrora náà wà. Nídìí agbada kẹta, ó fi eyín há ètè, àfọ́ igbá mì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń fi inú gbàdúrà sí Olúwa tèmi àti tirẹ̀ pé kó má bọ́. Kò bọ́. Ó dìde, ó tún lọ jọ̀, ó tún gbé igi, ó ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó padà wá. Oòrùn kò tíì yẹ̀ tán nígbà tó da agbada kẹrin sórí ẹní. Mo na ọwọ́, mo bu gàrí náà sínú àwo. Ó ró.

Kò sí ẹni tó pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Fàtímátù fi ìbòrí nu ojú. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fò dìde kí n dì mọ́ ọn, àmọ́ ìdí mi kò kúrò nílẹ̀. Èmi tí mo ti jókòó láti àárọ̀ láìmira nítorí ipò ọlá, ìbàdí mi ti gan. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, mo ké yéè. Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀dàlẹ̀.

Ìyá Ràzákì nìkan ló wá síwájú mi. Ó na ọwọ́ sí mi, ọwọ́ tí kò ṣeé ká láàárọ̀. Àwọn ìka rẹ̀ ká mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, díẹ̀díẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi dì í mú. Ó fà mí, mo dìde.

“Ìyá Augustin,” ni ó wí, “ní àáró tó ń bọ̀, ìwọ náà á máa dìde.”

Mo ní, “Mo gbọ́.” Mo sì bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, nítorí àpótí ọjọ́ yẹn.

Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú hóró kékeré náà jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kí gbogbo wa lè rí i. Ó wò yíká, ó ń wá omi. Èmi ni mo bù ú fún un.