Ohùn Kẹrin Bọ̀ọ̀dá Mi

Kí fóònù alágbèéká tó dé, a kì í kọ lẹ́tà sí Àbíjàn nílé wa ní Èjìgbò. Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń ránṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi tó ń gbé Àbíjàn, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, á sọ tiwọn sínú rẹ̀, wọ́n á fi rán dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà ibẹ̀. Bí a bá gbọ́ ọ tán, àwa náà á sọ̀rọ̀ tiwa lé e lórí, a ó dá a padà. Kásẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá pe ìyẹn láhun kò mọ ilé wa.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi gìtá wọn sílẹ̀ fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Ìyá mi ní obìnrin wo ló ń ta gìtá, pé kí n yáa lọ jókòó ti ọjà. Ṣùgbọ́n olóríkunkun ni mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Dò-rè-mí ilé ìwé ni bọ̀ọ̀dá mi ti kọ́ mi, òun náà ni mo ń ta títí etí gbogbo ará ilé fi kún. Àárò wọn ló ń sọ mí tí mo fi ń gbé gìtá náà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, kásẹ́ẹ̀tì dé. Bọ̀ọ̀dá mi kí gbogbo wa tán, wọ́n wá ní, "Àbúrò mi, èyí tìẹ nìyí o. Bàbá ẹ̀yà Jùlà kan tí a jọ ń gbé ilé ló kọ́ mi. Ohùn mẹ́fà péré ni, kò bá dò-rè-mí mu. Fara balẹ̀ sí ẹ̀kẹrin, dakọ̀?" Faransé ti wọ̀ wọ́n lẹ́nu, gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi "dakọ̀", ìyẹn "ṣé o gbọ́", dé lórí. Wọ́n fi gìtá bàbá náà ta á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, láti òkè padà wálẹ̀. Orí mi wú, omi lé sí mi lójú. Ó ń dún bí ẹni tó fẹ́ sunkún tí kò wá sun ún mọ́.

Ọ̀ràn ibẹ̀ ni pé ọjọ́ Jímọ̀ ni dírẹ́bà ń padà. Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì ni ìyá mi máa sọ̀rọ̀ lé e lórí, àfi kí n ti mọ̀ ọ́n kó tó dìgbà náà. Mo ní kí a fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn ránṣẹ́. Ìyá mi ní èwo? Kásẹ́ẹ̀tì wáàsí tí bàbá wa fi sílẹ̀ kó tó kú nìkan ló kù. "Ṣé wáàsí lo fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lé lórí?"

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó sẹ́yìnkùlé. Ohùn márùn-ún wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹrin kọ̀. Irin wẹ́wẹ́ ló dábùú ọrùn gìtá, àárín irin méjì la sì ń tẹ okùn sí. Bí mo bá tẹ ti iwájú, ó ròkè jù; bí mo bá tẹ ti ẹ̀yìn, ó rẹlẹ̀ jù. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó mọ̀ pé ti ẹ̀yìn ni bọ̀ọ̀dá mi ń tẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ìka fa okùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè gòkè díẹ̀. Báwo ni díẹ̀ náà ṣe mọ? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bátìrì tún ń rẹ̀; bó bá ti rẹ̀, ohùn inú rédíò á máa falẹ̀, èmi á sì lọ sá bátìrì sóòrùn lórí páànù kí n tó tún gbọ́ ọ. Ìka mi bó. Mo ń bẹ Ọlọ́run nítorí ohùn kan ṣoṣo, ẹ wo ayé mi.

Nígbà tó di Àlàmísì, ìyá mi tẹ bọ́tìnnì pupa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọmọ wọn. Àǹtí wa sọ tiwọn, aládùúgbò sọ tiwọn, títí ojú kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì fi kún. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Inú wọn ń bí mi.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn kò padà wá mọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, dírẹ́bà náà fúnra rẹ̀ ló wá jókòó sí pálọ̀ wa, tó ní kí ìyá mi fọkàn balẹ̀. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ni. Àbíjàn ni wọ́n sin bọ̀ọ̀dá mi sí.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, ìyá mi gbé rédíò kalẹ̀. Wọ́n ń fi àwọn kásẹ́ẹ̀tì wáàsí sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́ ìparí wọn, bóyá ohùn ọmọ wọn ṣèèṣì wà níbì kan. Kò sí.

"Ohùn àwa fúnra wa la fi pa tiẹ̀ rẹ́," ni wọ́n wí.

Mo wọlé, mo gbé gìtá, mo ta ohùn mẹ́fà náà fún wọn. Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé wọn ò tiẹ̀ fetí sí i rí.

Ìyá mi mi orí. "Bó ṣe ta á kọ́ nìyẹn. Ẹ̀kẹrin yẹn, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀."

Mo fa okùn.

"Díẹ̀ sí i."

Mo tún fà á. Wọ́n dijú, wọ́n rọra kùn ún lẹ́nu, ohùn bọ̀ọ̀dá mi gan-an tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin wá tí n kò rí. Mo fa okùn títí ó fi bá tiwọn dọ́gba.

"Ibẹ̀ ni," ni ìyá mi wí. "Má tíì gbé ọwọ́ kúrò."