Ẹni tó wà lábẹ́ tábìlì ọ̀gá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá Àyọ̀kẹ́ fún yín. Ilé bíríkì pupa kan ní Òkèrèwè la ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, nígbà tí Ọbabìnrin Fikitóríà ṣì ń jọba nílùú òyìnbó. Ẹbí ti yọ̀ǹda ilé fún ìjọba tipẹ́, ṣùgbọ́n Màmá ò yọ̀ǹda fàráńdà. Àràárọ̀ ló ń jókòó síbẹ̀, á máa bó ẹ̀gúsí, á máa bi wá ohun tó mú wa pẹ́ dé.

Ni wọ́n bá gbé Ọ̀gbẹ́ni Ọlálékan wá ṣe ọ̀gá wa, agbéraga pọ́ńbélé. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní fàráńdà lòun máa gbé jẹnẹrétọ̀ sí, kí Màmá máa lọ sílé ọmọ rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ilé ọmọ wo? Yàrá kan ní Ìlódè, tí ẹnikẹ́ni ò ní kí i láti àárọ̀ dalẹ́!

Màmá ò bá a jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì. Inú ọ̀gá dùn, ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀. Àṣé òun kọ́ ni Màmá wá kí. Abẹ́ tábìlì ni Màmá tẹjú mọ́.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú, àlejò ni, kò mọ̀ pé orí yín lòun gbé ẹsẹ̀ lé."

Ta ni ò mọ̀ pé inú ilé ni wọ́n ń sin olórí ẹbí sí láyé àtijọ́? Ẹsẹ̀ méjèèjì ni ọ̀gá ká sórí àga. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti gbé tábìlì lọ sí igun kejì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Màmá tún wọlé, ó kí ìyá àgbà ní igun yẹn náà. A gbé tábìlì sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Màmá ní àbúrò Bàbá ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, mo sá lọ húkọ́ níta.

Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ fún Màmá ní fàráńdà, ó ní kó gba òun. Màmá ní kò sẹ́ni tó sùn sí ẹ̀yìnkùlé, nídìí igi gúáfà, kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Ní tòun, tóun bá ń jókòó sí fàráńdà bíi ti tẹ́lẹ̀, òun lè máa kí àwọn tó sùn nínú ilé látibẹ̀, òun ò ní yọ ọ́fíìsì lẹ́nu mọ́. Ọ̀gá dúpẹ́ títí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti Màmá, mo ní kó jọ̀ọ́ fi ibi tí Bàbá wà gan-an hàn mí, kémi náà lè máa yẹra. Kò gbójú kúrò lórí ẹ̀gúsí rẹ̀.

"Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin Bàbá sí. Kò sẹ́nì kankan lábẹ́ ilé yìí. Èmi alààyè ló fẹ́ lé jáde, òkú ló bẹ̀rù. Kí ni kí n ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì tún pa mí lẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún ọ̀gá. Títí dòní, ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Láràárọ̀, á kọ́kọ́ yà ní fàráńdà, á bi Màmá bóyá àwọn ará ilé sùn dáadáa. Màmá á ní wọ́n sùn, pé wọ́n kàn ní kó má pẹ́ dé mọ́ ni.