Ohun tí Mo Ṣe Tí N Kò Mọ̀

Oyún mi kẹta ti pé oṣù méje nígbà tí ẹyinjú mi pọ́n bí ìbẹ́pẹ, tí ìtọ̀ mi sì ṣú bíi tíì. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Aránṣọ ni mí ní ìlú Bántẹ̀, olùkọ́ sì ni ọkọ mi. Agbolé bàbá rẹ̀ là ń gbé. Ìyá ọkọ mi ní ibà apọ́njú ni, wọ́n sì ń se àgbo fún mi. Oníbàárà kan wo ojú mi, ó rọra kó aṣọ rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fa gèlè bo ojú.

Lọ́jọ́ kan mo rán apá aṣọ mọ́ ọrùn, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní, “Dìde, ilé ìwòsàn Savalú là ń lọ.” Òun àti àwọn òbí rẹ̀ ló gbé mi wọ tásíì. N kò rántí ju eruku ojú ọ̀nà lọ.

Nígbà tí iyè mi sọjí ní ilé ìwòsàn, inú mi ti pẹlẹbẹ. Ọmọ náà ti kú kí n tó bí i. Aṣọ funfun ni wọ́n fi di ọwọ́ ìyá ọkọ mi.

“Ìyá, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?”

“Iná ni.”

A ti padà sílé kí ọkọ mi tó sọ òótọ́ fún mi. Lọ́jọ́ tí a lọ sí Savalú, mo ti bọ́ra sí ìhòòhò lójú bàbá rẹ̀. Mo pè wọ́n lórúkọ, orúkọ tí n kò fẹnu kàn rí, mo ní kí wọ́n lọ pọnmi wá. Ìyá rẹ̀ fẹ́ fi aṣọ bò mí, mo bù wọ́n jẹ lọ́wọ́.

“Dókítà ní kì í ṣe wèrè,” ni ọkọ mi wí. “Kòkòrò àrùn ló ba ẹ̀dọ̀ rẹ jẹ́, ìyẹn ló dà ọ́ lórí rú.”

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Bí mo bá gbọ́ ìró bàtà bàbá ọkọ mi, mo máa ń sá wọ yàrá lọ sunkún. Wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi ní òwúrọ̀ kan.

“Ìyàwó, ọmọ ló ń dùn mí, kì í ṣe ti aṣọ tó bọ́ lára rẹ.”

Mo kúnlẹ̀, n kò lè gbójú sókè. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé gbogbo ẹkún tí mo ti sun, ẹkún ara mi ni. N kò tíì sunkún ọmọ mi.