Omi Àná Inú Ọkọ̀ Adégòkè

Àkùkọ kejì kò tíì kọ tí mo fi jókòó sí iwájú ọkọ̀ ní Iléṣà, nínú ọyẹ́, ní ọdún díẹ̀ kí ìjọba tó pàṣẹ pé kí àwọn awakọ̀ máa gba apá ọ̀tún. Ẹ̀yìn mi ni Làmídì wà, oníṣẹ́ páìpù omi tí mo ti lọ mú wá láti Òṣogbo. Adégòkè, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tí ó kù láyé, ni ó kọ̀wé sí mi láti etí òkun Ìlàjẹ. Ọkọ̀ ojú omi ògbólógbòó tí ó fi ń kó àwọn oníṣòwò ẹja ni ilé rẹ̀, òun náà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn páìpù tí ń gbé omi mímu láti inú táńkì ọkọ̀ náà wá sí ẹnu ẹ̀rọ ti dípẹtà, wọ́n sì ń jò. Ó ní bí omi náà bá jò tán kí òjò tó dé, òun yóò ta ọkọ̀.

Mo ti bínú nígbà tí ó rà á. Àwọn baba wa a máa ru aṣọ lọ tà kiri ìlú gbogbo, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn fi orí omi ṣe ilé. Síbẹ̀, n kò lè káwọ́ gbera kí oúnjẹ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ojúmọ́ mọ́ wa ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí mo ti ra iṣu sísun. A kọjá Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Lẹ́yìn Òkìtìpupa, eruku pupa bo gèlè mi.

Làmídì ní, “Mama, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ lọ tà mí fún àwọn ará odò?”

“Ta ni yóò rà ọ́? Ẹnu nìkan ni wọn yóò bá lára rẹ.”

Ní Igbókòdá tí a ti wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, mo rí i tí wọ́n ń to garawa omi sínú ọkọ̀ míràn. Wọ́n ní ṣílè méjì ni garawa kan létí òkun. Mo rẹ́rìn-ín sí àwọn tí ń ra omi lórí omi. Ọ̀lẹ ni mo pè wọ́n nínú ọkàn mi. N kò béèrè ìdí rẹ̀.

Ní alẹ́ tí a dé ọkọ̀ Adégòkè, Ẹ̀bùn, aya rẹ̀, fi púpurú àti ẹja tútù gbà wá lálejò. Gbágùúdá tí a fi èéfín gbẹ ni púpurú. Wọn a máa rò ó bí ọkà. Ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ iyán.

Ní òwúrọ̀, Adégòkè lọ sọ fún àwọn oníṣòwò pé ọkọ̀ yóò gbéra ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀bùn wà níbi tí ó ti ń yan ẹja. Làmídì ṣí táńkì.

“Mama, n ó fi igi dí ihò yìí, kí n lè pààrọ̀ páìpù láìda omi nù.”

Mo yọjú wò ó. Omi náà pọ́n bíi tíì. Láti ìgbà ìyá mi, omi àná kì í bá wa jí nínú àmù. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó dà á nù, a ó fọ àmù, a ó sì pọn òmíràn. Oṣù mélòó ni èyí ti wà níbẹ̀?

“Dà á nù,” ni mo wí.

“Ẹ jẹ́ kí a dúró de onílé.”

“Èmi ni ẹ̀gbọ́n onílé.”

Ó dà á. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń jáde nínú ọkọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Làmídì gé àwọn páìpù tí ó ti jẹrà, ó fi tuntun rọ́pò wọn, ó sì fi okùn àti ọ̀dà dí gbogbo oríkèé wọn. Iṣẹ́ tí kò lábùkù ni. Ní ọ̀sán, Ẹ̀bùn dé, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ.

“Ìyá wa, omi dà?”

“A ti da ìdọ̀tí yẹn nù. Ẹ pọn omi odò tuntun sínú rẹ̀.”

Ó fi igbá bu omi odò, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo mu ún. Iyọ̀ ni. Nígbà ọyẹ́, òkun a máa wọ inú odò ibẹ̀. Omi òjò tí wọ́n gbè lórí òrùlé ní gbogbo ìgbà òjò ni mo dànù, èyí tí wọn ìbá máa mu títí òjò mìíràn yóò fi rọ̀.

Nígbà tí Adégòkè dé, ó fọwọ́ pa páìpù tuntun, ó sì ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́.” Ìbá sàn fún mi kí ó bú mi.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn oníṣòwò gbé ẹrù dé. Obìnrin kan ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ó dẹtí sí i.

“Kápútéènì, páìpù rèé, omi ńkọ́? Àbí páìpù ni a ó máa mu lọ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ọgọ́rùn-ún garawa kò lè kún táńkì náà, agbára Adégòkè kò sì ká ogún. Ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ padà, ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀, ó ń yin páìpù.

A sùn ní Àkúrẹ́. Làmídì kò dá àpárá kankan lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Iléṣà ní ìdájí, ó kàn ní, “Mama, ẹ má rò ó jù,” ó sì bá ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun onílé.

Mo bá ìyàwó ọmọ mi lẹ́yìnkùlé, ó ti tẹ àmù, ó fẹ́ da omi inú rẹ̀ nù.

“Má dà á.”

“Omi àná ni, Mọ́mì.”

“Mo mọ̀. Bù ú fún mi.”