Ọmọ Ológbò Tó Ń Ṣọ́ Orí Ẹja

Bí mo bá ti da omi gbígbóná sórí ẹja gbígbẹ, òórùn rẹ̀ á gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé Màmá, ìyá bàbá mi, ní àdúgbò Sauka Kahuta, lọ́jọ́ tó ra ọmọ ológbò bọ̀ láti ọjà Kure nítorí àwọn eku tó ń jẹ ìrẹsì wa.

Mo gbé orí ẹja fún ọmọ ológbò náà. Ó fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń kùn, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde. Inú bí mi. Nílé wa, abọ́ kan náà ni gbogbo ọmọ ti ń jẹun, a kì í sì í fọwọ́ kan ẹran títí àgbà á fi pín in. Ológbò yìí gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́! Mo já ẹja náà gbà. Ó ha mí lọ́wọ́. Mo tún já a gbà, ó tún ha mí.

"Haba!" Màmá ké láti ìdí ààrò. "Má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Fi kún un ni."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ gbígbóná pẹ̀lú ọwọ́ tó ń ta mí, mo ń ju ẹja wẹ́wẹ́ sí i. "Zo, mage, zo," mo ń pè é pé kó máa bọ̀. Bí mo bá jù ú tán, màá sún mọ́ ọn díẹ̀. Kí ladani tó pe ìrun Aláásárì, ó ti gbà kí n fọwọ́ pa á lórí bó ṣe ń jẹun.

Mo ti dàgbà kó tó yé mi ìdí tí Màmá fi máa ń dọ́gbọ́n fi ẹran kejì sí mi lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá mi, tí mo máa ń di ẹran àkọ́kọ́ mọ́ etí híjáàbù mi sùn.