Nọ́ńbà Tí Bàbá Mi Kò Lè Tò

Bàbá mi fi iṣẹ́ ṣọ́jà sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣọ́jà kò fi í sílẹ̀. Nígbà tí a kó kúrò ní báráàkì Ọ̀jọ́ wá sí ilé wa lẹ́yìn ẹ́stéètì Ìbà, bẹ́líìtì rẹ̀ bá wa kó wá. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní “wọ́n”. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà ńlá kan sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì níwájú ilé, á ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá èyí tó pín in láìṣẹ́kù. Bí ìgbà tí ọ̀gá bá ń to ṣọ́jà ló ṣe rí lójú tirẹ̀: iye yòówù kí wọ́n jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró sí ìlà tó dọ́gba. Ẹni tí kò bá rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gbà á.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, nọ́ńbà tí wọ́n fún òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló kọ: 10,007, ẹgbàárùn-ún ó lé méje. Ẹ̀gbọ́n mi ṣírò títí.

“Daddy, kò sí èyí tó pín in, àfi ení àti òun fúnra ẹ̀.”

“Nọ́ńbà tèmi? Ṣé èmi ni kò ṣeé tò?”

“Ìlà kan gbọọrọ nìkan ló ṣeé tò sí, sà.”

Bẹ́líìtì bà á léjìká, ó bà á lọ́rùn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bojú, irin bẹ́líìtì sì bá ìka rẹ̀. Mo gbọ́ ìró egungun. Ó ń sunkún, ó sì ń ṣàlàyé: ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni ẹgbàárùn-ún, nítorí náà bí nọ́ńbà kan lọ́nà òmíràn bá bí i, ọ̀kan nínú wọn kò lè ju ọgọ́rùn-ún lọ, òun sì ti dán gbogbo wọn wò.

“Sister mi, ẹ ṣáà sọ èyí tó bá wá sẹ́nu,” mo bẹ̀ ẹ́. Ó mi orí. Inú bí mi sí i gan-an. Mo bá pariwo pé, “Mọ́kànlélógójì ni!”

Bàbá mi mú ṣọ́ọ̀kì, ó pín in. Ó ku mẹ́ta. Ó gbá mi létí, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Ó wá kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èjì, ó ń pín, ó ń làágùn, kò sì sí èyí tí kò ṣẹ́kù. Nígbà tó kọjá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

Ó tún dìde sí ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Nílé tiwa, wọ́n nà án ni. Bàbá mi ti rí i pé ọmọ náà kò purọ́, ó sì ń nà án ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo já bẹ́líìtì náà gbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú lé orí nọ́ńbà rẹ̀, ó fi apá méjèèjì bo orí gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń ṣe. Mo gbé irin yẹn sókè.

Ọwọ́ tó ti wú yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi dì mí mú.

“Gbé e sílẹ̀. Ẹnì kan tó ń na èèyàn ti tó ilé yìí.”

Mo gbé e sílẹ̀. Ìka ẹ̀gbọ́n mi méjì kò ká mọ́ láti ọjọ́ náà, ó sì ń dùn mí títí di òní pé mo gbé e sílẹ̀.